Bí Àìsàn Ńlá Bá Wọ Ilé Ọ̀rẹ́ Méjì: Àárò Kò Mọ sí Oko Nìkan

Bí ẹ bá dé ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ilẹ̀ wa ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má wo inú wọ́ọ̀dù nìkan, ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tẹ́ ẹní tàbí páálí sílẹ̀, tí wọ́n fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, tí fúláàsì omi gbígbóná àti abọ́ oúnjẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà kò kọ orúkọ wọn sínú fáìlì kankan. Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ni wọn yóò sáré lọ ra oògùn, àwọn ni wọn yóò gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, àwọn ni wọn yóò tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń sanwó, àwọn náà ni wọn yóò sì fọ aṣọ tí aláìsàn fi sùn.

Àwọn wọ̀nyí ni olùtọ́jú: ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni tó dùbúlẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ìpọ́njú là ń mọ ọ̀rẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ ṣe gan-an nígbà tí ìpọ́njú bá dé. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, pàápàá jù lọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí àìsàn ńlá bá wọ ilé ọ̀rẹ́ méjì lásìkò kan náà, tí ẹni tó yẹ kó ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wá di ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń wá ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin méjì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọ̀kan ń ta aṣọ lọ́jà Gbági ní Ìbàdàn, tí èkejì sì jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀. Àwọn ọmọ ẹni àkọ́kọ́ ń pe ẹnì kejì ní Màámi, tẹni kejì náà sì ń pe ẹni àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá oníṣòwò ṣubú ní balùwẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì dìde mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọkọ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́sẹ̀ àti lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ méjèèjì yóò fà sẹ́yìn. Oníṣòwò yóò sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹrù tó wà lórí ọ̀rẹ́ mi ti pọ̀ jù, n kò gbọdọ̀ fi tèmi kún un. Olùkọ́ náà yóò sọ ohun kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, wọn yóò bi ara wọn léèrè àlàáfíà, kálukú yóò ní "A dúpẹ́", wọn yóò sì kọjá lọ. Wọn kò bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ara wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa ti sọ pé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ta ni yóò gbọ́ ìnira ẹni tí kò fojú ba oorun mọ́jú, bí kò ṣe ẹni tí òun náà kò sùn?

ẸKỌ́ TÓ WÀ NÍNÚ ÀÁRÒ

Láyé àtijọ́, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn Yorùbá ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnì kan lọ. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tàbí tó ní iṣẹ́ ńlá mìíràn yóò bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wẹ̀, yóò pèsè oúnjẹ àti ohun mímu, wọn yóò sì wá bá a ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì ni àárò. Ẹgbẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ tí kò pọ̀ ni wọ́n ń dá a sílẹ̀ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá ro oko ẹni kìn-ín-ní lónìí, oko ẹnì kejì ló kàn, wọn yóò sì máa yí i ká bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kárí.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ kọ́ ló ń ṣe àárò. Ẹni tí koríko kún oko tirẹ̀ náà ló ń fi í sílẹ̀ lọ ro ti ẹlòmíràn, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ tòun ń bọ̀, àti pé bí òun nìkan bá dojú kọ oko òun, koríko ẹ̀yìn yóò ti hù kí òun tó dé iwájú. Bí a bá mú ọgbọ́n yìí kúrò lóko wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, a ó rí i pé àsọtì ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pé "jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ nínú tèmi". Àìsàn ńlá kì í tètè tán. Ẹni tó bá ní òun yóò bọ́ nínú tòun kí òun tó ya ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun lè má yà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ láàárín wa. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé èsúsú gẹ́gẹ́ bí àṣà tó gbilẹ̀ láàárín wa, tí àwọn ènìyàn ń dá iye kan náà jọ ní àsìkò kan náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó o nígbà tó bá yí kàn án.

Bákan náà ni ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé ènìyàn jẹ́ oògùn fún ènìyàn. Ní ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, kò ya àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí wọn. Ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí wọn kan, ó kéré tán, bá wọn wá, kó máa se oúnjẹ fún wọn, kó máa fọ aṣọ wọn, kó sì máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Òkìkí ètò náà kàn ká ayé, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá jẹ́ ara ìtọ́jú, ta ni yóò tọ́jú ẹbí? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

"BÍ O BÁ NÍLÒ OHUNKÓHUN, PÈ MÍ"

Kò sí ẹni tó wá kí olùtọ́jú tí kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ọ̀pọ̀ ló sì ti ń wá pẹ̀lú òtítọ́ ọkàn. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú kì í pè. Ojú ń tì í. Kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ. Ó sì lè má tilẹ̀ ráyè ronú. Ohun tó sàn ni kí ọ̀rẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kó dárúkọ ọ̀kan, kó sì dá ọjọ́ rẹ̀. "Mo máa wá sùn ti Màmá lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí ìwọ lọ sílé lọ sùn." Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò béèrè ju "o ṣé" lọ.

Kí ọ̀rẹ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ bí àìsàn náà ṣe ń gba àkókò olùtọ́jú. Ẹ wo ìyá tí rọpárọsẹ̀ mú yìí. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, wákàtí méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n máa yí i, tọ̀sán-tòru, kí ara tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ má bàa di egbò. Bí oníṣòwò bá sùn ní aago mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ jí ní aago méjìlá, ní aago méjì àti ní aago mẹ́rin. Bó bá ṣe èyí fún oṣù kan, òun náà ti ń di aláìsàn. Nítorí náà, ẹ̀bùn tó tóbi jù tí ọ̀rẹ́ lè fún un kò ju alẹ́ kan péré lọ́sẹ̀ lọ.

Àìsàn ti ọkọ olùkọ́ ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ pátápátá ń lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí ni ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lórílẹ̀-èdè wa ni owó kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi àkókò ìrìn-àjò lílọ àti bíbọ̀ kún un, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n fi ń dúró de ẹ̀rọ, ojúmọ́ kan ti lọ. Olùkọ́ kò lè fi kíláàsì sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kí wọ́n má fún un ní ìwé ìkìlọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá da àárò pọ̀. Oníṣòwò ló ni ìsọ̀ rẹ̀. Ó lè fi ọmọṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kó bá ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Olùkọ́ kì í lọ sí iṣẹ́ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lè lọ sùn ti Màmá ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún ẹnì kejì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́.

Kí ètò náà má bàa dàrú, ó dára kí àwọn méjèèjì jókòó pẹ̀lú bébà kan, kí wọ́n pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí olùtọ́jú nìkan lè ṣe, bíi fífi ọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí wíwẹ aláìsàn tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ìhòòhò òun. Èkejì ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe: oògùn rírà, oúnjẹ sísè, mímú ọmọ wá láti ilé-ẹ̀kọ́, gbígba èsì àyẹ̀wò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí owó lè ṣe. Olùtọ́jú tó bá kọ èyí sílẹ̀ yóò rí i pé ìpín àkọ́kọ́ ló kéré jù, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ti ń dá gbé kiri.

Kí ọ̀rẹ́ tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó kọ́kọ́ bẹ nọ́ọ̀sì pé kó kọ́ òun. Bí àpẹẹrẹ, a kì í fi apá tó ti rọ fa ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú dìde, nítorí egungun èjìká rẹ̀ lè yẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gba aláìsàn lọ́wọ́ ìrora ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ̀JẸ̀, OWÓ ÀTI OÚNJẸ

Nínú gbogbo ohun tí ilé-ìwòsàn lè béèrè lójijì, ẹ̀jẹ̀ wà lára èyí tó máa ń da olùtọ́jú láàmú jù. Yóò máa pe fóònù kiri, àwọn ènìyàn yóò sì máa wá àwáwí. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé ọdún 18, tí kò sì ju ọdún 65 lọ, tó sì wọ̀n tó kílò 50, sábà máa ń lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bíi mìlílítà 450 lọ, ara yóò sì dá a padà. Ọkùnrin lè tún fún wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí ẹ̀jẹ̀ àwọn kò bá bá ti aláìsàn mu, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwòsàn lè gba tirẹ̀ sí ìpamọ́, kí wọ́n sì fún aláìsàn ní èyí tó bá a mu. Ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ ṣe ni kó ti kó orúkọ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ kí ọjọ́ tí wọn yóò béèrè tó pé.

Ní ti owó, òfin ìlera adójútòfò tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ṣì ń fi owó àpò ara wọn gba ìtọ́jú. Ọ̀rẹ́ tó mọ̀wé lè bá olùtọ́jú yẹ ìwé wò, kó mọ ohun tí adójútòfò yóò san àti èyí tí kò ní í san. Ó tún lè lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ìgbé-ayé àwọn aláìsàn, èyí tó wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, láti béèrè bóyá ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ kankan wà. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá sì dá owó jọ, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ má ṣe jẹ́ olùtọ́jú fúnra rẹ̀, nítorí kò yẹ kí ẹni tó ń sunkún tún máa ṣírò owó fún aráyé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ dára, ìyìn ló yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n owó kì í tò sórí ìlà, kì í sì í yí aláìsàn padà lóru. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ìyá wọn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n máa pè é láti dúpẹ́, kí wọ́n má sì fi í ṣe ìránṣẹ́.

Oúnjẹ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ gbé lọ kí aláìsàn, ibẹ̀ ni a sì ti lè fi ìfẹ́ ṣe ibi. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló wọ́pọ̀ jù nínú báàgì àlejò. Ṣùgbọ́n èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potassium pọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ló ń yọ àpọ̀jù rẹ̀ kúrò lára. Bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́, yóò máa gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Omi pàápàá ní ìwọ̀n fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀kọ tàbí omi tí a fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹlẹ́rìndòdò kò sì yẹ àtọ̀gbẹ. Nítorí náà, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó gbé ohunkóhun fún aláìsàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ láìbéèrè, ẹ gbé e lọ fún olùtọ́jú. Òun gan-an ni kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Àgbo àti àgúnmu náà wà níbẹ̀. A kò bẹnu àtẹ́ lu ewé àti egbò, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tó ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn mìíràn sì ń bá oògùn dókítà jà. Ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ yọ́ ìgò wọlé lábẹ́ aṣọ. Kí wọ́n sọ fún dókítà kí wọ́n tó lo ohunkóhun.

ẸNU ÀLEJÒ

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo. Pẹ̀lẹ́ wà tó ń gbé ènìyàn ró, pẹ̀lẹ́ wà tó ń wó o lulẹ̀. Ẹni tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó ní, "Irú èyí náà ló pa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi", kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó pe olùtọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ní kó lọ wádìí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nínú ilé ọkọ rẹ̀ ti dá ogun sílẹ̀ nínú ilé tó yẹ kó parapọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gba ìtọ́jú wà lára ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ jù lọ, òun àti àtọ̀gbẹ sì wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Kí a tó dá ẹ̀bi lé ìyá ọkọ lórí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa bóyá aláìsàn náà ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Ẹni tó bá ya àwòrán aláìsàn, tó fi sórí Facebook tàbí WhatsApp láìgba àṣẹ, ti tú u sí ìhòòhò lójú ayé. Ó lè jẹ́ àdúrà ló fẹ́ kí wọ́n bá a gbà, ṣùgbọ́n aláìsàn ló ni ojú rẹ̀.

Láàárín ọ̀rẹ́ méjì tí àìsàn wà nílé wọn, ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà: kí wọ́n má fi ìyà wọn wé ara wọn. "Tìrẹ sàn, ìyá àgbà ni tìrẹ, ọkọ tó ń gbọ́ bùkátà ni tèmi." Ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ òótọ́ nínú ìwọ̀n ayé, ṣùgbọ́n bó bá ti jáde lẹ́nu, kò ní í rọrùn fún oníṣòwò láti sunkún lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. A kì í wọn omijé. Bí ẹnì kan bá ń sọ tirẹ̀, kí ẹnì kejì gbọ́ ọ tán kó tó mẹ́nu ba tòun.

Kí wọ́n sì máa ṣọ́ ara wọn. Olùtọ́jú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń gbàgbé oògùn tirẹ̀ nígbà tó bá ń ka oògùn ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ ló lè bi í pé, "Ṣé o ti lo tìrẹ?" Bí oorun bá ti ń dá ojú rẹ̀, tí kò jẹun mọ́, tí inú ń bí i sí gbogbo ènìyàn, tàbí tó ń sọ pé òun ìbá kúkú kú, kì í ṣe àkókò ìwàásù nìyẹn. Kí ọ̀rẹ́ mú un lọ rí dókítà, kó sì jókòó tì í níbẹ̀.

BÍ ÈBÚTÉ KÒ BÁ RÍ BÁKAN NÁÀ

Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. A ò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láì dé ibi tó le jù níbẹ̀. Ká sọ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn láàárín yàrá, ṣùgbọ́n ọkọ olùkọ́ kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti ń pàdánù ara wọn. Ojú ń ti oníṣòwò, ó dà bíi pé òun jí ìlera ìyá òun gbé. Kò mọ ojú tí òun yóò fi wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Olùkọ́, ní tirẹ̀, rò pé wọ́n ti pa òun tì.

Ìtọ́jú tó péye kì í yọ ẹbí sílẹ̀ nígbà tí ìwòsàn kò bá ṣeé ṣe mọ́. Ní UCH ní Ìbàdàn, ìtọ́jú wà fún àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn, láti dín ìrora wọn kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn aṣáájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Nínú irú ìtọ́jú yìí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ aláìsàn nìkan, wọ́n ń bá ẹbí rẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Bí dókítà bá ka ẹbí kún, ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ ìsìnkú ṣe òpin iṣẹ́ tirẹ̀.

Nínú àárò, bí iná bá jó oko ẹnì kan, wọn kì í sọ pé àárò ti parí. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n tún nílò ọwọ́. Kí oníṣòwò lọ. Kó má wá ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan tí yóò sọ. Kó jókòó, kó dárúkọ olóògbé, kó sì sọ ohun tó rántí nípa rẹ̀, nítorí ohun tó ń dun opó jù ni kí gbogbo ènìyàn máa yẹra fún orúkọ ọkọ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè Màmá, kó sọ òtítọ́ fún un pé wọ́n ti ń rìn. Bó bá sì ní òun fẹ́ máa wá sùn ti Màmá ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì bíi ti tẹ́lẹ̀, kó má ṣe sọ pé "má ṣe ìyọnu". Ó lè jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní í dá sùn nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ náà kò tíì tán. Ìwé báńkì wà láti tò, owó ìfẹ̀yìntì olóògbé wà láti béèrè, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn èrò ti tú ká, àga tí wọ́n háyà ti padà, fóònù kò dún mọ́.

Ọjọ́ kan sì wà láàárín ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ọ̀rẹ́ rántí ju gbogbo ọjọ́ lọ. Bí Ọjọ́rú bá pé, ní aago méje àárọ̀, tí kò sí ẹni tí olùkọ́ yóò ṣètò fún ìrìn-àjò ìdí ẹ̀rọ mọ́, tí fúláàsì ṣófo lórí tábìlì, ìgbà náà ni ilé náà yóò dákẹ́ jù. Oníṣòwò mọ wákàtí náà, nítorí òun ló ń bá wọn lọ. Kó má fi òwúrọ̀ Ọjọ́rú náà sílẹ̀. Kó kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní aago méje bó ṣe máa ń ṣe.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, kó sì fi ọ̀rẹ́ gidi ta gbogbo àwọn tó ń tọ́jú wọn lọ́rẹ.